Alásárì ní Ògèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, wákàtí mẹ́ta gbáko ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi dè wá mọ́lẹ̀ lánàá ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ń ro mí, orí ń fọ́ mi, mo tiẹ̀ ti jágbe mọ́ ọmọ mi láìnídìí.

Ní Ògèrè, mo yà sí mọ́ṣáláṣí kékeré kan. Omi inú búútà tutù nini. Bó ṣe kan ojú mi báyìí, ara mi wálẹ̀. Mo tẹ̀lé lèmọ́mù: ràkáà mẹ́rin, ìforíkanlẹ̀ mẹ́jọ. Níbi ìkẹta ni egungun ẹ̀yìn mi dún "kọ̀!" (Àgbà ti ń dé, ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Lẹ́yìn tí a sálámà, mo jókòó síbẹ̀, mò ń fa tẹ̀sùbáà.

Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé ẹ ò bínú mọ́?"

Mo ra gúgúrú fún un.