Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ga Bá Ara Rẹ̀

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí ọmọ ọdún 13 bá sanra díẹ̀, "ọ̀rọ̀bọ̀" ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá tín-ín-rín, ó di "lẹ́pa". Ẹnu àwa ará ilé ló sábà máa ń ti jáde, ó sì máa ń dun ọmọ ju bí a ṣe rò lọ.

Ọmọ tó ń bàlágà gbọ́dọ̀ wúwo sí i. Ọ̀rá a máa gun ìbàdí àti itan ọmọbìnrin, àrùn kọ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi ìlà àgbàlagbà ṣèdájọ́ rẹ̀. Ẹ fi gíga rẹ̀ ní mítà pín kílò rẹ̀, ẹ tún fi gíga náà pín èsì yẹn: BMI nìyẹn, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi bí èèyàn ṣe wúwo wé bó ṣe ga. Fún àgbà, 25 ni sísanrajù ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 5 sí 19, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wò ó lórí àtẹ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ọdún 2007.

Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 13 tó ga ní mítà 1.50, tó wúwo ní kílò 54. BMI rẹ̀ jẹ́ 24. Lórí àtẹ ọjọ́ orí rẹ̀, ó ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ga dé mítà 1.60 nígbà tó fi máa pé ọdún 15, tí kílò 54 yẹn kò lé, BMI rẹ̀ á wálẹ̀ sí 21, kò sì sí wàhálà mọ́. Kílò kan péré kò dín lára rẹ̀ o!

Nítorí náà, ìkòkò ilé ni ká tún ṣe, fún gbogbo ilé. Ṣíbí ìjẹun epo kan tó bíi kálórì 120. Ẹni tó ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kò lè mọ iye tó dà. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Kí iyán má ju ìkúùkù ọmọ náà méjì lọ, kí ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀bòlò pọ̀ dáadáa, kí ẹja tàbí ẹ̀wà má wọ́n níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò ẹlẹ́rìndòdò: bí ṣúgà bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú 100ml, ìgò 50cl ti gbé 50, bíi ṣíbí tíì 12. Omi ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Eré tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ fún wákàtí 1 lójúmọ́, oorun wákàtí 8 sí 10.

Ọmọ tó bá fo oúnjẹ àárọ̀ á fi búrẹ́dì àti pọfù-pọfù gbẹ̀san lọ́sàn-án. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ inú sábà máa ń ní senna, ìbátan ewé asùnwọ̀n. Ìfun ńlá ló ń ṣiṣẹ́ lé, nígbà tí ara ti fa agbára oúnjẹ tán. Omi àti iyọ̀ ara ló ń lọ, ọ̀rá kò kúrò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn cyproheptadine àti dexamethasone tí àwọn lẹ́pa ń lò láti sanra. Dexamethasone ń wú ojú, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, bí ọmọ bá sì ti lò ó pẹ́, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà.

Ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó, kó má sì jẹ́ lójú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró fún oṣù 3, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tó ń sáré lọ bì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kódà bí ó bá ṣì sanra lójú yín.