Màmá mi, àdìrẹ àti mùsíọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tí ìyá yín ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì fẹ́ mú wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert (V&A), ẹ gbọ́ tèmi ná. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Aládìrẹ ni màmá mi n'Íbàdàn. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya Ìbàdàndùn kí n tó dáyé: opó Mápó, ṣíbí, opó, ṣíbí. Mo ti fọ́nnu fún wọn lórí fóònù pé àdìrẹ wa wà ní mùsíọ́ọ̀mù òyìnbó. Irọ́ kọ́. Ibi tó wà gan-an ni mi ò wádìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìró àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ya ni wọ́n ró, wọ́n wé gèlè sí i. A gba ihò abẹ́ ilẹ̀ gígùn tó wá láti ibùdó South Kensington. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, mo bá ní ká máa wá a kiri. Wákàtí méjì! Àwo tánganran lókè pátápátá. Bẹ́ẹ̀dì Ware tó fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Màmá mi ní ìyàwó mélòó ni baálé ọ̀hún fẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì Ardabil tí wọ́n hun ní Páṣíà ní 1539 sí 1540. Inú òkùnkùn la bá a, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ń tanná sí i ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú. "NEPA dé ibí náà?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ẹ̀rín ìkẹyìn nìyẹn.

Mo wá bi òṣìṣẹ́ kan. Ó ní àdìrẹ wà nínú ìpamọ́, kò sí níta. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ti wú. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ká a lé orúnkún, wọ́n tún tú u. Wọ́n wá fọwọ́ pa ìró ara wọn: "Ṣé èyí ni mo wọ bàlúù wá wò?" Àdìrẹ kan ṣoṣo tí mo rí nínú ilé ńlá yẹn, ara màmá mi ló wà.

Ẹ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ tó kúrò nílé. Wọ́n ń kọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà síbẹ̀: nọ́ńbà yàrá, tàbí pé ó wà nínú ìpamọ́. Ìṣẹ́jú méjì ni. Àbúrò mi ní fọ́tò Facebook ló ká mi lára tí mi ò fi wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò sùn. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ. Wọ́n ní àga onítáyà tí wọ́n ń yáni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ bàtà yẹn, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì! Aṣọ kì í pẹ́ níta, torí iná ń jẹ àwọ̀ rẹ̀. Màmá mi ló là á yé mi nínú ọkọ̀: "Aṣọ tó ń gbé ojú fèrèsé, ṣé aró rẹ̀ kì í ṣí ni?"

Ilé ìpamọ́ wọn, V&A East Storehouse lápá Stratford, ṣí ní 2025. Ẹ lè yan nǹkan márùn-ún, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á gbé e jáde fún yín. A lọ. Wọ́n tẹ́ àdìrẹ sórí tábìlì. Màmá mi wò ó títí.

"Ẹni tó ya èyí kánjú," wọ́n ní. "Wo igun yẹn."