Géèmù tó bí mi nínú jù lọ́dún yìí, òun náà ni mo fẹ́ràn jù

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún á yabo fún gbogbo wa. Mo ti ń ka àyẹ̀wò ọdún tí kálukú ń kọ, ẹni tó kọ́lé ń sọ, ẹni tó bímọ ń sọ, mo bá gbogbo yín yọ̀ látọkàn wá. Tèmi, géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí bí mo ṣe jókòó wo ọdún yìí látòkè délẹ̀, Kingdom Hearts ló gba alẹ́ mi jù. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, tí mo jẹun tán, páàdì ti dọ́wọ́ mi nìyẹn, àbúrò mi obìnrin á ti jókòó tì mí, ó di ìgbà tí Mọ́mì bá pariwo pé ṣé a ò ní sùn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, Square, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù Final Fantasy, àti Disney ló jọ ṣe é, ó jáde lórí ẹ̀rọ géèmù PS2 lọ́dún 2002. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé inú ilé kan náà ní Tokyo ni ọ́fíìsì àwọn méjèèjì wà nígbà yẹn, inú lífíìtì ni Shinji Hashimoto ti Square ti pàdé ọ̀gá kan ní Disney, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tetsuya Nomura tó ya àwọn èèyàn inú Final Fantasy VII ni wọ́n ní kó darí ẹ̀, kò sì tíì darí géèmù kankan rí. Ọmọkùnrin kan, Sora, òkùnkùn gbé erékùṣù wọn mì, ó wá ń wá ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì kiri, Riku àti Kairi. Idà tó rí bíi kọ́kọ́rọ́ ló fi ń jà, Keyblade ni wọ́n ń pè é. Donald Duck àti Goofy ń bá a rìn torí pé Mickey, ọba wọn, ti pàṣẹ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ Aladdin, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ Tarzan, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ Hercules, ibẹ̀ lẹ ti máa bá Cloud, akọni inú Final Fantasy VII, pàdé pẹ̀lú idà ńlá tó fi aṣọ wé yẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Ibi tí wọ́n bá fi ibi ìséèfù sí nìkan lẹ ti lè séèfù, ìyẹn kẹ́ ẹ tọ́jú ibi tẹ́ ẹ bá géèmù dé, kò sí níbòmíì. Ẹ ti rìn jìnnà, ẹ ti ja ìjà àjàmọ́kànle, ẹ ti ṣí àpótí tó fara sin, iná á kàn lọ, gbogbo ẹ̀ pátá ti lọ nìyẹn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ ti séèfù kẹ́yìn. Inú igbó Tarzan, ẹ máa fò láti orí okùn igi kan dé òmíràn, kámẹ́rà á lọ fara ti ògiri, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ ń fò lọ mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi bá Clayton, ọdẹ burúkú inú ìtàn Tarzan, jà níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹran ńlá kan tó jọ ọ̀gà ló gùn, ẹran náà kì í sì í ṣeé rí, afẹ́fẹ́ lẹ ó máa ṣá. Kí n má tíì sọ ti ọkọ̀ òfuurufú wọn, Gummi, tẹ́ ẹ máa wà láàárín ayé kan sí èkejì, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Donald wá ń kọ́? Ẹ̀jẹ̀ Sora á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ara ẹ̀ ló máa wò sàn. Mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìwà ẹ̀, mo ní kó máa wò wá sàn ní gbogbo ìgbà, ó dáa díẹ̀ sí i, díẹ̀ náà ni.

Àwọn ajá yẹn náà tún wà. Ọmọ ajá 99 ti Pongo àti Perdita, àwọn ajá inú fíìmù Disney 101 Dalmatians, ló fọ́n káàkiri gbogbo ayé inú géèmù náà, mẹ́ta mẹ́ta nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kó wọn padà sílé wọn ní Traverse Town. Àbúrò mi ló gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ó mú ìwé ọ́sásáìsì kan, ó fa ìlà sí i, ó kọ nọ́ńbà látorí 1 dé 99, bá a bá ṣe ń rí wọn ló ń fi bírò pupa fagi lé wọn. Tí mo bá fẹ́ máa bá ìtàn lọ, á ní, "Brọ̀dá mi, ẹ padà sí Halloween Town ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì kó tibẹ̀ tán." A máa padà. Ó rẹ̀ mí títí, àmọ́ lọ́jọ́ tá a kó wọn pé, tá a wọ ilé yẹn, tí gbogbo ajá kún inú yàrá, ọmọ yìí dìde dúró ó pàtẹ́wọ́.

Ohun tó mú mi gan-an ni Hollow Bastion, ààfin ńlá kan nínú géèmù náà. Riku yọ sí wọn níbẹ̀, ó na ọwọ́, Keyblade kúrò lọ́wọ́ Sora, ó bọ́ sọ́wọ́ tiẹ̀. Donald àti Goofy wo ara wọn, wọ́n ní àṣẹ ọba ni, wọ́n bá Riku lọ. Sora kúnlẹ̀, idà onígi ló kù sí i lọ́wọ́, idà tí wọ́n fi ń ṣeré nílé. Beast, ti inú Beauty and the Beast, tó wá Belle wá, tó ti fara gbọgbẹ́, ló dìde tó ní òun ò ní padà, ni Sora náà bá dìde. Ẹ máa fi idà onígi yẹn jà ní tòótọ́ o, ẹ máa lu àwọn ọ̀tá, nǹkan kan ò ní ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá tún pàdé Riku nínú ilé, tó fẹ́ fi agbára òkùnkùn pa Sora, Goofy fò síwájú, ó fi asà gbà á. Ìránṣẹ́ ọba ni o, àṣẹ ọba ló sì fẹ́ rú yẹn, ó mọ̀ ọ́n, ó tún ní kí Donald bá òun bẹ ọba. Donald ní ó tì, àwọn méjèèjì ló máa jọ lọ bẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ Sora. Àwọn ẹranko kátúùnù tá a ti ń fi rẹ́rìn-ín látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé, àwọn tó ṣe géèmù yìí fún wọn ní ẹ̀rí ọkàn, wọn ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìdí tí mo fi ń fara da kámẹ́rà yẹn nìyẹn. Ìjà kejì tẹ́ ẹ máa bá Riku jà níbẹ̀ le bí ojú ẹja. Tèmi, tó wà nínú àkójọ àwọn géèmù Kingdom Hearts fún PS4 tó jáde lọ́dún 2017, ó ṣeé fo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ìjà yẹn, àwọn tó gbá ti PS2 kò lè fò ó, tí wọ́n bá ti kú, wọ́n máa wò ó látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kí wọn gidi gan-an.

Ẹjọ́ tí mo tún ní láti rò ni bí wọ́n ṣe fọ́n ìtàn náà ká. Chain of Memories jáde lórí Game Boy Advance lọ́dún 2004, káàdì lẹ máa fi jà nínú ẹ̀, nọ́ńbà tó bá ju tẹ̀yin lọ á fọ́ tiyín, àmọ́ òdo lè fọ́ ohunkóhun. Ó yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìdí tí Sora fi ń sùn nígbà tí ipa kejì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé PS2 nìkan ló wà nílé wọn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Wọ́n tún gbé òmíràn sórí DS, òmíràn sórí PSP, òmíràn sórí 3DS, òmíràn sórí fóònù, ipa kẹta gan-an ò dé àfi 2019. Mi ò rò pé ó bójú mu kéèyàn ra ẹ̀rọ tó pọ̀ tóyẹn torí ìtàn kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, nígbà tí mo wá mọ ìtàn yẹn tán tí mo wọ ipa kejì, Roxas, ọmọkùnrin tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi gbá a, pa mí lẹ́kún. Wákàtí bíi mélòó kan lẹ máa fi bá ọmọ yìí gbé ní Twilight Town, á ṣiṣẹ́ lébìrà kó lè rówó, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á jókòó sórí ilé aago ní ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n á máa lá áásìkiriìmù oníyọ̀. Ó wá jẹ́ pé ayé rẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Orin Yoko Shimomura sì ń dún lábẹ́ gbogbo ẹ̀, obìnrin tó ṣe ọ̀pọ̀ orin Street Fighter II tá a jọ gbọ́ dàgbà ni. Dùùrù tó máa ń dún tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan géèmù yẹn, mo máa ń jẹ́ kó máa lọ, àbúrò mi ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Birth by Sleep ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀, ti 2010 yẹn, inú àkójọ kan náà ló wà. Ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Terra, Ventus àti Aqua, ìtàn kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ní Terra, àbúrò mi ní Ventus, a ò tíì gbà fúnra wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá a, ta lẹ kọ́kọ́ mú?