Quebec Dé Ojúẹlẹ́gba

Mò ń dúró de dánfó l'Ójúẹlẹ́gba láàárọ̀ àná. Àwọn bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ (ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í rà) ń jiyàn lórí Nàìjíríà: ká pín ni, àbí ká ṣe àtúntò?

Ọ̀rọ̀ Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, ló sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́dún 1995, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dìbò ya kúrò lára Kánádà, 50.58% péré ló ní rárá. Nígbà ìpolongo ìbò 2014, olówó kan nínú Parti Québécois, ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ kí Quebec dá dúró, na ẹ̀ṣẹ́ sókè pé orílẹ̀-èdè tòun lòun ń fẹ́. Iṣẹ́ àti ìlera ni alátakò wọn gbé síwájú ní tiẹ̀. Parti Québécois fìdí rẹmi. Pauline Marois, olórí wọn nígbà náà, pàdánù àga tiẹ̀ gan-an.

Alátakò tiwa ńkọ́? Ìyá alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ bá mi bi wọ́n, iná dà?"