Ààrẹ tó ti sú aráàlú, ẹ jẹ́ kó jáde dupò jàre

Tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á tún gbé jáde: ààrẹ tó ti sú gbogbo ìlú, tórúkọ ẹ̀ ò ṣeé dá láàárín ọjà mọ́, ṣé kó tún jáde fún sáà kejì àbí kó rọra fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì nínú pátì ẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn tá a jọ ń gbé ní Àgbádárìgì níbí á ní kó lọ jókòó sílé ẹ̀, kí ló tún fẹ́ ṣe tí ò rí ṣe lọ́dún mẹ́rin. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀ o. Kó jáde. Kì í ṣe pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo fẹ́ kóun fúnra ẹ̀ wá gba èsì ni.

Ẹ wo àwọn Amẹ́ríkà ná. Lọ́dún 1952 ogun Kòríà ti ba orúkọ Truman jẹ́, wọ́n nà án níbi ìbò abẹ́lé pátì ẹ̀ ní New Hampshire, ló bá lóun ò ṣe mọ́, Stevenson wá dípò ẹ̀, Eisenhower na Stevenson. Ní 1968 ogun Vietnam ni, Lyndon Johnson bọ́ sórí tẹlifíṣàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta, ó ń sọ̀rọ̀ ogun lọ rẹrẹẹrẹ, ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ò wá tíkẹ́ẹ̀tì pátì òun mọ́. Igbákejì ẹ̀, Humphrey, ló gbé e, Nixon sì wọlé. Ní Faransé, Hollande lóun ò jáde ní ìparí 2016, Hamon tí pátì ẹ̀ wá fà kalẹ̀ ò rí ju ìbò 6 àti díẹ̀ nínú 100. Biden náà tún ṣe é ní 2024, a mọ ibi tó já sí.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹra, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni pátì wọn fìdí rẹmi. Èmi ò rí ẹnì kankan tí yíyẹra yẹn gbà là níbẹ̀. Kamala Harris tó dípò Biden gan-an ló ń ṣe mí láàánú, wọ́n bi í lórí tẹlifíṣàn pé kí ló máa ti ṣe yàtọ̀ sí ti Biden, ó ní kò sí nǹkan tó wá sóun lọ́kàn. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ọ̀gá ẹ̀ ṣì wà lórí àga, òun sì ni igbákejì, tó bá bú u, ara ẹ̀ ló bú. Ẹni tó se ọbẹ̀ ti gba ẹ̀yìn ilé jáde, ẹni tó ń bá a fọ àwo ni wọ́n ní kó wá ṣàlàyé iyọ̀. Biden náà tún wá sọ lẹ́yìn ìbò pé tó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá wọlé. Ta ló fẹ́ já a nírọ́? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́ láyé.

Àmọ́ ibi tó yé mi jù ni ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìyá kan wà ní Sẹ̀mẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ńjì sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, fún mi, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, tó bá ti gbé owó náírà lé ẹsẹ̀ tó ń fi rọ́bà dì í báyìí, ẹ má bi í léèrè òṣèlú tẹ́ ẹ bá ń kánjú. Òun ló to ọ̀rọ̀ Kérékou, ààrẹ wọn nígbà kan, fún mi. Sójà tó gbàjọba ní 1972, tó sọ ìlú di ti Kọ́múníìsì, títí owó fi tán, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe oṣù pọ̀ láìgbowó. Ìgbà tí ìbò dé ní 1991 kò rán ẹnì kankan, òun fúnra ẹ̀ ló jáde, Soglo tó bá a dupò fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò nà án, ó sì lọ sílé.

Soglo náà wá débẹ̀, oṣù kìíní 1994 ni wọ́n gé sẹ́fà sí méjì, owó Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Màmá yìí ní oògùn tí wọ́n ń rà fún ìyá òun gbówó lórí, ó di ohun tí wọ́n ń pín sí méjì kó lè pẹ́, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n dárúkọ Soglo nínú ilé wọn mọ́. Ní 1996 Soglo tún jáde pẹ̀lú gbogbo ìyẹn lọ́rùn. Ta ló wá nà án? Kérékou! Mo ní "Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ lé e ni?" Ó ní "Ọmọ mi, àwa náà la lọ pè é." (Soglo ò kú síbẹ̀ o, ó padà di olórí ìlú Kùtọ̀nu.) Ẹ̀ẹ̀mejèèjì yẹn, ẹni tí wọ́n ń bínú sí gan-an ló wà lórí ìwé ìbò, kò sẹ́ni tó lè ní bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Jonathan náà nìyẹn ní 2015. Ká ní pátì ẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò ni, àríyànjiyàn pé "tó bá ṣe pé òun ló jáde ni" á ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Ó jáde, Buhari rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 15, òun rí mílíọ̀nù 12 àti díẹ̀, ó gbé fóònù pè é, ó parí.

Tí ara ò bá gbé e mọ́, ìyẹn yàtọ̀, kó tètè sọ, kó má dúró di ìgbà tí ìbò ku oṣù díẹ̀. Sáà kẹta náà ò sí nínú ọ̀rọ̀ mi, ohun tí Wade fẹ́ ṣe ní Senegal ní 2012 nìyẹn kí wọ́n tó fi ìbò gbé e kúrò.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Ajárá bi mí pé tó bá jáde tó tún wọlé ńkọ́? Torí ó máa ń ṣẹlẹ̀, Truman tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní 1948 ìwé ìròyìn ti tẹ̀ ẹ́ síta pé Dewey ti nà án, ó gbé ìwé náà sókè ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wọlé láìsí màgòmágó, a jẹ́ pé kò tíì sú yín tó bẹ́ ẹ ṣe ń pariwo." Wọ́n ní orí mi ò pé.