Bíà Bẹ́ljíọ̀m tí ẹnu kò mọ̀ rí

Ọ̀rọ̀ bíà àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ló wà lọ́kàn mi lónìí, àgàgà irú èyí tí èèyàn kò tọ́ wò rí. Òtútù ló máa ń bà á jẹ́ jù. Bó bá ti inú fíríìjì bọ́ sẹ́nu tààrà, gáàsì tó ń ta ahọ́n nìkan lèèyàn máa mọ̀, òórùn rẹ̀ ò ní jáde. Ẹ gbé e síta fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó 8 sí 12°C. Bí ọtí bá ṣe le sí i la ṣe ń jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i: bíà Duvel, tí ọtí líle inú rẹ̀ jẹ́ 8.5%, ṣì dùn ní tútù díẹ̀, ṣùgbọ́n Rochefort 10, tó jẹ́ 11.3%, kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bó bá tutù jù.

Ìwúkàrà wà láàyè nínú ọ̀pọ̀ ìgò wọ̀nyí. Wọ́n máa ń fi ṣúgà díẹ̀ sí i kí wọ́n tó dé e, kí ìwúkàrà lè jẹ ẹ́ kó sì tú gáàsì jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà nàró láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ tẹ gíláàsì ẹlẹ́nu fífẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ rọra da bíà sí i, kí ẹ wá gbé gíláàsì nàró kí ìfófòó tó ìka méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Ti bíà àlìkámà funfun yàtọ̀: wọ́n máa ń mi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bí ìfófòó bá parẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òróró tàbí ọṣẹ ṣẹ́ kù lára gíláàsì. Bó bá ru jáde gùù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mì í tàbí kó ti gbóná jù.

Kí ẹ tó mu ún, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹlòmíràn á gbọ́ òórùn kànáfùrù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sì rò pé wọ́n bù ú sí i. Rárá o, ìwúkàrà ló ṣe é fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ṣúgà, pàápàá bí ọtí bá gbóná díẹ̀ nígbà yẹn. (Bíà àlìkámà funfun ni wọ́n sábà máa ń fi èèpo ọsàn àti kọriáńdà sí ní tòótọ́.) Ọtí Westmalle Tripel jẹ́ 9.5%, síbẹ̀ kò wúwo lẹ́nu, nítorí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà tí wọ́n fi sí i tán. Mo ka èyí sí ewu: ara kì í tètè mọ bó ṣe le tó. Ìgò 33 sẹ̀ńtílítà kan tó fún ẹni méjì.

Bó bá ń rùn bíi páálí tó rẹ sómi, atẹ́gùn ti wọlé. Ìmọ́lẹ̀ náà lè ba họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, jẹ́, pàápàá nínú ìgò aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ẹ má da bíà Orval nù nítorí òórùn tó jọ awọ ẹṣin: Brettanomyces, irú ìwúkàrà kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, ló fà á, bí ìgò náà bá sì ṣe ń pẹ́ ni adùn ṣúgà ń dín kù.