Kí ẹ tó ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ògiri ìsàlẹ̀ ọkàn: FBP àti OSEM

Bí ògiri ìsàlẹ̀ ọkàn bá ṣókùnkùn nínú àwòrán SPECT (èyí tí kámẹ́rà ń fi ìtànṣán oògùn tí a fún sínú iṣan aláìsàn yà), ẹ má tíì ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ẹ wo ẹ̀dọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ná, kí ẹ sì wádìí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà to àwòrán náà, bóyá FBP (filtered back projection) ni tàbí OSEM (ordered subsets expectation maximization).

Kámẹ́rà kì í rí inú ọkàn tààrà. Ṣe ló ń yí àyà ká ní ìwọ̀n 180, láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, tí á ya àwòrán pẹlẹbẹ 60 tàbí 64. FBP á da ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn padà sí ojú igun tó ti wá. Èyí nìkan á mú kí gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi asẹ́ ramp, ìṣírò tó ń mú bàìbàì náà kúrò, sẹ́ ẹ. Asẹ́ yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun tó bá tàn jù ni nọ́ńbà á ti já wálẹ̀ sábẹ́ òdo. Nínú àwòrán 64×64 tí píksẹ́lì rẹ̀ (ojú kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán) jẹ́ mìlímítà 6.4, ògiri ọkàn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan kò ju nǹkan bíi píksẹ́lì kan àbọ̀ lọ. Bí ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun bá ń tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye tó já wálẹ̀ yẹn á jẹ ògiri náà, á sì dà bí àìsàn.

OSEM, tí Hudson àti Larkin gbé jáde lọ́dún 1994, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á méfò bí ọkàn ṣe rí, á ṣírò ohun tí kámẹ́rà ì bá rí, á fi wé èyí tí kámẹ́rà rí lóòótọ́, á pín èyí tí kámẹ́rà rí sí èyí tó ṣírò, á wá fi èsì ìpín náà sọ nọ́ńbà di púpọ̀, kí ó lè pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù. Nítorí ìsọdipúpọ̀ ni, nọ́ńbà kì í lọ sábẹ́ òdo. Bí ẹ bá pín àwòrán 64 sí ọ̀nà 8, tí ẹ ṣe é léèmejì, àtúnṣe 16 nìyẹn. Bó bá kéré jù, ihò inú ọkàn ò ní là dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, ògiri tó dá ṣáṣá á rí wínníwínní.

OSEM ló tẹ́ mi lọ́rùn níbi tí ẹ̀dọ̀ bá ti tàn. Àmọ́ kò lè wẹ ìtànṣán tó ta láti ẹ̀dọ̀ wọ inú ògiri, èyí tó lè bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn mu omi, kí ó rìn díẹ̀, kí ẹ tún yà á.

Tí ẹ bá fi CT (àwòrán X-ray tí kọ̀ǹpútà tò) ṣe àtúnṣe fún ìtànṣán tí ara aláìsàn gbé mì, ẹ rí i pé ọkàn inú SPECT àti ti inú CT bá ara wọn mu lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ bá bọ́ sórí ẹ̀dọ̀fóró nínú CT, ojú ibẹ̀ á ṣókùnkùn lásán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀nà méjèèjì wéra, dátà kan náà ni kí ẹ lò, kí ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi FBP to àwòrán ti eré ìdárayá kí ẹ wá fi OSEM to àwòrán ti ìsinmi. Àwòrán ọkàn àwọn tí ara wọn dá, tí sọfitíwia fi ń díwọ̀n ti aláìsàn, gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ọ̀nà kan náà tò. Àwòrán gated, èyí tí a pín gẹ́gẹ́ bí ìlù ọkàn ṣe ń lọ, nílò asẹ́ tó túbọ̀ rọ̀, torí pé bí a bá pín ìlù ọkàn sí 8, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìtànṣán ló kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì kọ ọ̀nà, iye àtúnṣe àti asẹ́ sínú èsì, kí ẹni tí yóò fi àwòrán tuntun wé e lè tò ó bákan náà.